Ọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Nínú Àtíbàbà

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni ìyàwó ọmọ Bàbá Alágogo kó ẹrù rẹ̀ dé ilé bàbá ọkọ rẹ̀: àpótí méjì, páálí ìwé kan, àti ajá pupa kan tí kò jẹ́ kí awakọ̀ tó gbé wọn wá rí ìsinmi. Wọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí ajá náà fi já okùn gbà mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́. Ó la yàrá iwájú kọjá, ó gba ilé ìdáná bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lé ọ̀kẹ́rẹ́ kan gun orí igi, ó wá dúró sí ìdí igi náà, ó ń gbó bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Bàbá Alágogo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Awò ojú kan tó fi ń tún aago ṣe ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

"Kí lorúkọ ajá yìí?"

"Ariwo ni, Bàbá."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọkọ obìnrin náà ló sọ ajá ní Ariwo. Bàbá ti ní ajá tirẹ̀ tipẹ́, Ẹ̀sọ̀, ajá dúdú kan tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tí kì í gbó, tí kì í sáré. Bí ẹyẹ bá bà lé Ẹ̀sọ̀ lẹ́yìn, á kọ́kọ́ rò ó wò ná kó tó mira. Nígbà tí ọmọ máa ra ajá, ó fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó ní bí Ẹ̀sọ̀ bá wà lọ́dọ̀ bàbá, ó yẹ kí Ariwo wà lọ́dọ̀ ọmọ, kí ayé lè dọ́gba. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i lórí fóònù lọ́jọ́ náà títí tí bàbá fi ń wúkọ́. Ẹni tó dá ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀ báyìí.

Ọkọ̀ ojú irin ni ọmọ náà ń wà, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló sì ni ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Bí awakọ̀ bá kú, awakọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé síbẹ̀. Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ adití ló ń kọ́, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí iléèwé kan tí kò jìnnà sí ilé bàbá, ṣùgbọ́n ó ku oṣù mẹ́ta kí iléèwé wọlé. Àbúrò Bàbá Alágogo obìnrin, ẹni tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù, òun ló dá a lábàá fún bàbá pé kí obìnrin náà wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, yàrá mẹ́rin ló wà nílé yìí. Ẹ̀yin, ajá arúgbó kan, agogo mọ́kànlá. Ṣé agogo ló máa bá yín sọ̀rọ̀?"

"Agogo ò ṣe mí ní nǹkan kan," ni bàbá fèsì.

Mátírọ́ọ̀nù mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ní lọ́kàn. "Ìyàwó ọmọ yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Bí a bá bínú títí, a kì í bínú ju bí ọmọ ṣe jẹ́ tẹni lọ."

Ohun tí bàbá ní lọ́kàn nìyí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọ̀ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìka ló fi ń mọ inú aago, kì í ṣe ojú mọ́. Nígbà tó yá, ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ṣì wà lórí ibùsùn pẹ̀lú bándéèjì lójú méjèèjì nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ní ìlú tó wà, ìrìn àjò wákàtí mẹ́fà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Ìfun rẹ̀ ló lọ́. Wọ́n là á, kò dá. Ọjọ́rú, nígbà tí ojúmọ́ ń là bọ̀, ó kú. Ọjọ́ Ẹtì ni ìyàwó rẹ̀ tó pe bàbá.

Bàbá ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà: ọjọ́ méjì tí ọmọ fi ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un, ọjọ́ méjì tí ọmọ fi jẹ́ òkú tí òun ṣì ń bi Mátírọ́ọ̀nù bóyá ọmọ ti pè. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wo obìnrin náà pẹ̀lú ojú tuntun tó rí gbogbo nǹkan ketekete, kò sì rí omi kankan lójú rẹ̀. Kò bi í léèrè. Obìnrin náà kò sì ṣàlàyé. Àwọn méjèèjì wá ń gbé abẹ́ òrùlé kan, wọ́n ń kíra wọn láàárọ̀, wọ́n ń fún ara wọn ní iyọ̀ nídìí oúnjẹ, ìyókù di ohùn agogo.

Ẹ̀yìnkùlé ilé náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Tòmátò wà lápá kan, òdòdó tí ìyàwó bàbá gbìn kó tó kú wà lápá kejì. Ní ìparí rẹ̀ ni ọgbà onípákó wà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré kan, lẹ́yìn ọgbà náà sì ni igbó bẹ̀rẹ̀, igbó ìjọba tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi tàbí pa ẹran nínú rẹ̀. Bàbá ti kan àtíbàbà kan mọ́ ara ọgbà náà nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Bẹ́ǹṣì kan ló wà nínú rẹ̀, àti ojú àlàfo gígùn kan nínú pákó, tó bá ojú ẹni tó jókòó mu rẹ́gí. Láti ibẹ̀ èèyàn lè wo etí igbó láìsí pé ẹranko rí i. Àwọn ajá mẹ́ta ti lo ayé wọn nínú àtíbàbà yẹn, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ẹ̀sọ̀ ni ìkẹta.

Láràárọ̀, kí bàbá tó ṣí yàrá iṣẹ́, ó máa mu ife tíì rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀sọ̀ á tẹ̀ lé e, á yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, á dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó fi jẹ́ pé etí ló fi ń wo igbó, bàbá tún ń fi ojú rí i: àdàbà tó ń wẹ̀ nínú abọ́ omi, àkókó tó ń fi àgógó lu igi bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀, ehoro tó máa ń dìde lórí ẹsẹ̀ méjì bí olùbẹ̀wò, òwìwí tó ń padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́ pẹ̀lú ojú ẹni tí kò sùn. Bó bá sì ṣe oríire, àgbọ̀nrín. Èyí ni bàbá fẹ́ràn jù. Àgbọ̀nrín kan wà tí etí rẹ̀ òsì ya díẹ̀, tó máa ń wá jẹ ewé ní etí ọgbà. Oyún wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí obìnrin náà dé, ó bá bàbá ní ilé ìdáná níbi tó ti ń se omi tíì.

"Bàbá, ṣé mo lè bá yín lọ?"

"Ìwọ lè wá. Ajá rẹ ò lè wá."

Ó ti Ariwo mọ́lé. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Ariwo fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu láti ilé ìdáná, igbe tó jẹ́ pé bí èèyàn ò bá mọ̀, á rò pé wọ́n ń fi iná jó o ni. Àdàbà fò. Ehoro pòórá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó lókè igi, ó ń bú wọn. Bàbá mu ìyókù tíì rẹ̀, ó dìde.

"Ọkọ rẹ mọ orúkọ sọ ajá," ló wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kó ewé gbígbẹ gba ilẹ̀kùn ọgbà jáde, kò sì rántí fi ìkọ́ kọ́ ọ padà. Ariwo rí àlàfo náà. Kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀, ó ti wà nínú igbó, àgbọ̀nrín aboyún náà sì ti wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń fọ́ igbó lọ gìrìgìrì. Obìnrin náà sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó fi máa padà pẹ̀lú ajá, ọ̀sán ti pọ́n, wáyà ti ya Ariwo lẹ́sẹ̀, ẹ̀gún sì ti ya òun náà lójú.

Olùṣọ́gbó tẹ̀ lé wọn wọlé. Ọkùnrin gígùn kan ni, tó máa ń bọ́ fìlà bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó le, bí ẹni pé orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn fún un.

"Bàbá, ẹ mọ̀ mí, mo mọ̀ yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n òfin igbó yìí ò mọ ẹnikẹ́ni. Ajá tó bá lé ẹran lẹ́ẹ̀kan, ìkìlọ̀ ni. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ìbọn ni. Ẹran yẹn lóyún. Mi ò tíì mọ̀ bóyá oyún náà ṣì dúró."

"Ajá náà máa lọ," ni bàbá wí, kò wo ẹgbẹ́ obìnrin náà.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá," ni obìnrin náà wí.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe fún ajá tí ọdún mẹ́ta ò rí nǹkan kan ṣe fún?"

"Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn èèyàn rí láyé rẹ̀ ni mo ń kọ́ níwèé, Bàbá. Ajá yìí, ó kúkú ń gbọ́."

Olùṣọ́gbó wo bàbá. Bàbá wo ilẹ̀. Olùṣọ́gbó dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú okùn lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Obìnrin náà kò pariwo mọ́ ajá rárá, ọwọ́ ló ń lò. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀: dùbúlẹ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ́: dúró síbẹ̀. Ó fi ìka méjì kan ètè ara rẹ̀: pa ẹnu mọ́. Bí Ariwo bá ṣe é, bísíkítì kékeré kan. Bí kò bá ṣe é, wọ́n á tún un ṣe. Ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀sọ̀ kó lè máa wo ohun tí àgbà ń ṣe. Láti ojú fèrèsé yàrá iṣẹ́, bàbá ń wò wọ́n. Ó máa ń ṣe bí ẹni tó ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò lára aago, ṣùgbọ́n aago kan náà ló mú dání láti àárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń pe Ẹ̀sọ̀ wá jẹun. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀sọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, kò mira.

"Ẹ wo ajá yìí," ni bàbá wí. "Láti ọdún tó kọjá ló ti ya aláìgbọràn. Ọjọ́ ogbó, ó wá ń ṣorí kunkun."

Obìnrin náà rìn lọ dúró sẹ́yìn Ẹ̀sọ̀, ó pàtẹ́wọ́ gbàà. Etí ajá náà kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó yí sí iwájú rẹ̀, ó na ọwọ́, ó fà á wá sí àyà. Ẹ̀sọ̀ dìde lójú ẹsẹ̀, ó ń ju ìrù.

"Bàbá, kì í ṣe pé kò gbọ́ràn," ló wí. "Kò gbọ́rọ̀ ni. Ẹ̀sọ̀ ti di adití."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kì í gbà fún un mọ́, ó sì di orí ajá náà mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ọdún kan gbáko ló ti fi ń bá a wí.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?" ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó ní kí obìnrin náà kọ́ òun ní àmì ọwọ́ wọ̀nyẹn. Ìka rẹ̀ tó ti lo ogójì ọdún nínú aago tètè mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n mú Ariwo lọ sí àtíbàbà. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Bàbá jókòó lápá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, Ẹ̀sọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà jókòó lápá òsì, Ariwo láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, okùn lọ́rùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ehoro jáde, Ariwo kérora, ó gbọ̀n, obìnrin náà di ẹ̀ṣẹ́ síwájú ojú rẹ̀, ó dúró. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kẹ́rẹ́ méjì ja ìjà lórí ọgbà gan-an, ó ń ṣe Ariwo bíi kó bá wọn dá sí ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dúró. Lọ́jọ́ kẹta òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin kò sí ẹranko kankan, wọ́n jọ wo igbó lásán, bàbá sì bu díẹ̀ nínú tíì rẹ̀ fún obìnrin náà nínú ìdérí fúláàsì.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ewé mì ní etí igbó. Àgbọ̀nrín elétí yíya náà jáde. Ó dúró, ó gbé imú sókè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó rí bí igi ìṣáná, ọmọ rẹ̀ jáde.

Bàbá di etí bẹ́ǹṣì mú. Àgbọ̀nrín náà kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí wọn lọ. Ọmọ náà ti imú bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń mu ọmú, ìrù rẹ̀ kékeré ń gbọ̀n pẹ̀lú ìdùnnú.

"Ọmọ mi ì bá rí èyí," ni bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó yíjú. Omi ń dà lójú obìnrin náà, kò nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí Ariwo, ìkejì sì di ẹ̀ṣẹ́ níwájú rẹ̀.

"O mọ ẹkún sun," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Mi ò rí i lójú rẹ lọ́jọ́ tí a sin ín."

"Mo ti sun ún tán kó tó dọjọ́ yẹn, Bàbá."

"Nígbà wo? Ní ọjọ́ méjì tí o fi òkú ọmọ mi pamọ́ fún mi?"

Bó bá jẹ́ inú ilé ni wọ́n wà, igbe ni bàbá ì bá fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbọ̀nrín gbé orí sókè, etí rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí àtíbàbà. Àwọn méjèèjì di èémí mú. Ariwo gbọ̀n, kò dìde. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹran náà tún rẹ orí sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni obìnrin náà wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ní ọjọ́ méjì yẹn."

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Òun ló ní kí n má pè yín."

"Ta ni?"

"Ọkọ mi. Ọmọ yín. Mátírọ́ọ̀nù ti sọ fún un lórí fóònù ohun tí dókítà wí, pé ẹ ò gbọdọ̀ dìde, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ ba, ẹ ò sì gbọdọ̀ sunkún títí wọ́n á fi tú bándéèjì lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú yín á bàjẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní, 'Má pe Bàbá. Èmi fúnra mi máa pè wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, màá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.' Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti mọ̀ pé òun ò ní rí ọjọ́ Ẹtì. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n búra. Ó ní, 'Ọdún mẹ́ta ni Bàbá ti ń dúró kí wọ́n tún lè rí àgbọ̀nrín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ mi fún wọn báyìí, wọ́n á fọ́jú, màá sì tún ti kú náà ni.' Mo búra fún un."

Níta, ọmọ àgbọ̀nrín ti fi ọmú sílẹ̀, ó ń gbìyànjú láti fò kọjá igi kékeré kan tó wó, ó ń ṣubú, ó ń dìde.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi láti ìgbà yẹn?" ni bàbá bi í nígbẹ̀yìn. "Oṣù mẹ́rin. Oṣù márùn-ún. Inú ilé kan náà."

"Ẹ ò bi mí, Bàbá. Mo sì rò pé bí mo bá sọ ọ́, inú tó ń bí yín sí mi, ojú yín tó là yìí lẹ máa yí i sí. Ó sàn kí ẹ máa bínú sí èmi."

Ìyá àgbọ̀nrín yí ẹ̀yìn, ó wọ inú igbó lọ. Ọmọ rẹ̀ fò lé igi tó wó náà, ó dé òdìkejì lọ́tẹ̀ yìí, ó sì tẹ̀ lé e. Bàbá jókòó títí tí ewé fi ṣíwọ́ mímì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbá ògiri pákó mú, ó rìn padà sí ilé láìwẹ̀yìn. Ẹ̀sọ̀ wo obìnrin náà, ó wo bàbá, ó tẹ̀ lé bàbá.

Ọjọ́ méjì ni bàbá kò fi ṣí yàrá iṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù wá, ó kan ilẹ̀kùn yàrá, bàbá ní òun ń sùn. Mátírọ́ọ̀nù jókòó ní ilé ìdáná, obìnrin náà sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mátírọ́ọ̀nù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un," ló ń wí. "Lọ́jọ́ Àìkú. Mo kàn ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé a ti wá di olùtọ́jú ìkókó. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá wọ ilé ìdáná wá, ó fa àga, ó jókòó síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti hù.

"Ọjọ́rú. Aago mélòó?"

"Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú ogún, Bàbá."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

"Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Má fo nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ fún un láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ìrora ṣe mú ọkọ rẹ̀ nígbà tó ń wọ bàtà iṣẹ́. Bó ṣe ń bínú sí bàtà nọ́ọ̀sì kan tó ń dún bí eku. Bó ṣe ní kí wọ́n gbé ibùsùn òun súnmọ́ fèrèsé, tó ń fetí sí ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá, tó sì ń sọ orúkọ awakọ̀ tó wà nínú rẹ̀ nípa bí ó ṣe ń tẹ fèrè. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ ìtàn kan: ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, òun sín nínú àtíbàbà, àgbọ̀nrín sì sá, òun wá ń dúró kí bàbá òun bá òun wí, ṣùgbọ́n ńṣe ni bàbá yọ áńkáṣíìfù fún òun.

"Mi ò rántí," ni bàbá wí. "Ọlọ́run mi, mi ò rántí rárá."

"Òun rántí, Bàbá."

Bàbá ní kó máa sọ ọ́ lọ. Ó sọ ti Ọjọ́bọ̀ náà, bó ṣe lọ síléèwé nítorí kò lè jókòó sílé wo fóònù, bí ọmọdébìnrin kan ní kíláàsì ṣe wo ojú rẹ̀ tó sì fi ọwọ́ bi í pé, ta ló kú?

"O sì sọ fún un?"

"Mi ò lè parọ́ fún un. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀."

"Àwọn ọmọ adití ọ̀nà jíjìn mọ̀ kí èmi tó mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà yẹn ni bàbá sunkún. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún bí ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún, pẹ̀lú ohùn ńlá, obìnrin náà sì dìde, ó dúró tì í, ó fi ọwọ́ lé e léjìká. Nígbà tó yá, bàbá nu ojú rẹ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún ọ," ló wí. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe dára. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, màá ní kí ojú fọ́ kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lo ru ẹrù náà, èmi sì tún gbé tèmi lé e lórí. Ìyẹn ò dára. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n."

"Ó ti tán, Bàbá."

"Kò tíì tán. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́."

Nígbà tí iléèwé wọlé, obìnrin náà gba yàrá kan nítòsí iléèwé. Bàbá bínú díẹ̀, ó ní ṣé yàrá mẹ́rin kò tó. Obìnrin náà ní kì í ṣe pé òun ń sá, pé òun fẹ́ mọ bí òun ṣe ń dá gbé ni. Láràárọ̀ Sátidé, ó máa ń gbé bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pẹ̀lú Ariwo. Lẹ́yìn oṣù kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá, mẹ́rin mẹ́rin, nítorí bẹ́ǹṣì kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùṣọ́gbó, ẹni tó ti gbà kí wọ́n tú okùn lọ́rùn Ariwo nínú àtíbàbà, ní láti ìgbà tí òun ti wà nídìí iṣẹ́ òun, òun ò tíì rí àlejò tó dákẹ́ tó báyìí. Ṣùgbọ́n wọn ò dákẹ́ o. Ọwọ́ wọn kò sinmi. Wọ́n ń jiyàn nípa ẹyẹ, wọ́n ń fi olùṣọ́gbó àti fìlà rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀rọ̀ ọwọ́ wọn sì ń yé bàbá díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé. Bàbá bá a níwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná láàárọ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Kò dúró rárá. Ó gbé fóònù, ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ kó tó pe Mátírọ́ọ̀nù, kó tó pe ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀sọ̀ ti lọ," ló wí. "Mo ní kí n tètè sọ fún ọ."

Obìnrin náà tọrọ àyè níbi iṣẹ́, òun àti Ariwo sì dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n jọ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, bàbá ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ ojú ilẹ̀, obìnrin náà ń gbẹ́ ibi tó le. Ariwo dùbúlẹ̀ níbi tí wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sí, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ bò ó tán, bàbá fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ ojú ilẹ̀ náà pẹlẹbẹ, ó sì béèrè aago tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa kọjá.

"Aago kan, Bàbá."

"Wọlé wá jẹun kó tó dé," ló wí, ó sì mú ṣọ́bìrì méjèèjì, ó ń lọ fọ̀ wọ́n.